Gáàmù mẹ́wàá, PS4 kan, iná tí kò dúró: èwo ni ká rà?

“Òkun o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi tó wà l'Ábújá fẹ́ ra ẹ̀rọ gáàmù PS4 tòkúnbọ̀ fún àwọn ọmọ mi mẹ́ta kí ìsinmi tó dé, ó sì ní òun á fi síìdì gáàmù márùn-ún sí i. Ọmọ ọdún 14, 11 àti 7 ni wọ́n. Obìnrin ni ti àárín. Èyí àgbà ti kọ orúkọ mẹ́wàá sínú ìwé, ó ní àwọn tí òyìnbó fún ní máàkì tó ga ni: Gran Turismo 7, GTA V, Red Dead Redemption 2, God of War, Mortal Kombat 11, Fortnite, Call of Duty: Warzone, FC 25, Minecraft àti Crash Team Racing. Mi ò mọ ọ̀kan nínú wọn. Iná wa kì í dúró, nẹ́tíwọ́kì wa ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìnfátà kékeré kan la ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan márùn-ún, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n.”

Òkun o, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ó sì dára bí ẹ ṣe bèèrè kí owó tó jáde. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín. Ọ̀kan ni pé gáàmù wo ló dára. Èkejì, èyí tó wúwo jù, ni pé èwo ni yóò ṣiṣẹ́ nínú ilé yín, lórí iná àti nẹ́tíwọ́kì tí ẹ ní, fún ọmọ mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ni máàkì tí ọmọ yín rí ń dáhùn. Nínú mẹ́wàá tó kọ, mẹ́ta ò ní ṣe yín láǹfààní láìsí nẹ́tíwọ́kì gidi, mẹ́rin jẹ́ ti àgbàlagbà, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí wọn. Mẹ́ta tó kù dára fún yín. Ọmọ náà kò yan ìyànkuyàn o. Ohun tó fi wọn àwọn gáàmù náà ni kò bá ilé yín mu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí máàkì yẹn jẹ́. Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Metacritic, tó máa ń kó ìdájọ́ àwọn tó ń yẹ gáàmù wò jọ, tí á sì sọ gbogbo rẹ̀ di máàkì kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún. GTA V àti Red Dead Redemption 2 gba 97 níbẹ̀, God of War gba 94. Irọ́ kọ́, iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹni tó fún wọn ní máàkì jókòó sínú ilé tí iná kì í lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sáré, òun nìkan sì ni, àgbàlagbà ni. Kì í yọ máàkì kan kúrò nítorí pé ọmọ méjì kò lè jọ ṣe gáàmù náà. Kì í yọ ọ́ nítorí pé gáàmù náà kò ní ṣí bí dátà bá tán. Fìlà tí wọ́n fi orí ẹlòmíràn wọ̀n ni. Ohun mẹ́ta ni èmi fi ń wọn gáàmù fún ilé tó wà láàárín Kábbà sí Ẹ̀gbẹ̀: ṣé síìdì nìkan tó fún un láti ṣiṣẹ́? Ṣé ọmọ méjì lè jọ ṣe é lójú tẹlifíṣọ̀n kan? Bí iná bá lọ lójijì, báwo ni ohun tí ọmọ ti ṣe yóò ṣe ṣòfò tó?

Lórí ọ̀rọ̀ dátà, àṣìlóye kan wà tí mo fẹ́ tú kí n tó dé orí gáàmù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ṣe ń bá àwọn tó wà lókè òkun ta gáàmù ni dátà ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan irú eré bẹ́ẹ̀ kì í jẹ dátà tó wákàtí kan fídíò tí ẹ ń wò lórí fóònù. Ibi méjì ni ìṣòro ti ń wá. Èkíní ni bí gáàmù fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó àti update tí ilé-iṣẹ́ máa ń gbé jáde, tí gáàmù ò ní gbà kí ẹ wọlé láìgbà á. Warzone nìkan ju gigabyte 100 lọ. Bí nẹ́tíwọ́kì yín bá ń gba megabit méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan, gigabyte 100 yóò gbà tó wákàtí 111, ìyẹn ju ọjọ́ mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, tọ̀sán tòru, kí update tó tẹ̀ lé e tó dé. Èkejì ni ìdádúró. Bí ọmọ bá tẹ páàdì, ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun kó sì padà, ẹni tí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ bá ń fà á lọ fà á bọ̀ á ti kú nínú gáàmù kó tó rí ẹni tó yìnbọn. Dátà púpọ̀ kò wo èyí sàn, nítorí ibi tí ìsọfúnni ń gbà ló jìn, kì í ṣe pé ó kéré.

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni Gran Turismo 7, nítorí pé síìdì ni, ó wà nínú páálí, ẹni tó bá rí i lọ́jà á rò pé bí òun bá ti rà á, ti òun ni. Gáàmù mọ́tò ni. Ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022 lórí PS4 àti PS5, mi ò sì mọ èyí tó bọ̀wọ̀ fún mọ́tò jù ú lọ: bí táyà ṣe ń gbá títì mú, bí mọ́tò wúwo ṣe ń lọ́ra ní kọ́nà, ìró ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ péye. Àmọ́ àwọn tó ṣe é so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kódà apá tí ọmọ á dá ṣe láìbá ẹnikẹ́ni díje. Láìsí nẹ́tíwọ́kì, ìwọ̀nba mọ́tò àti pápá díẹ̀ ló kù; ọjà mọ́tò, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ọmọ, owó tó ti kó jọ, gbogbo wọn á tì. Inú oṣù tó jáde náà ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn kọṣẹ́ fún ohun tó ju wákàtí 30 lọ, tí ẹni tó ti fi owó rẹ̀ rà á kò lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀gá àwọn tó ṣe é, Kazunori Yamauchi, sì tọrọ àforíjì. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró ṣinṣin, ẹ ti mọ bí yóò ṣe rí n'Ísánlú lójoojúmọ́. Gáàmù tó dára gan-an, ẹ má rà á.

Fortnite àti Warzone, gáàmù ìbọn orí íntánẹ́ẹ̀tì méjì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó nílò síìdì, láìsí nẹ́tíwọ́kì tó dúró wọn ò ṣeé ṣe rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta páálí Fortnite fún àbúrò yín, ìwé pélébé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí síìdì. Bí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá sì ti lo nọ́ńbà náà, páálí òfìfo ni wọ́n tà.

Ó wá ku àwọn mẹ́rin tí ọmọ yín á jà fún jù. Lára páálí gáàmù tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ óò rí nọ́ńbà kan nínú àpótí kékeré: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. PEGI ni wọ́n ń pè é. Kì í sọ bí gáàmù ṣe le tó o. Ọjọ́ orí tí ohun tó wà nínú rẹ̀ tọ́ sí ló ń sọ. Àṣìṣe ni láti rò pé gáàmù 3 jẹ́ ti ọmọ ọwọ́: gáàmù bọ́ọ̀lù tí àwọn gìrìpá ọkùnrin ń ta lójoojúmọ́ ní ilé gáàmù ní Kábbà, 3 ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Páálí tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń ní lẹ́tà: E fún gbogbo ènìyàn, E10+ fún ọmọ ọdún 10 sókè, T fún ọmọ ọdún 13 sókè, M fún ẹni ọdún 17 sókè. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó wo ibẹ̀ kó tó wo àwòrán iwájú.

GTA V, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2013, 18 ló wà lára rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírùn, ilé ìhòòhò, ibì kan tí ẹni tó di páàdì mú fúnra rẹ̀ ti ní láti dá ènìyàn lóró kí ìtàn tó lè tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé gáàmù mọ́tò ni nítorí pé mọ́tò ni ọmọ ń wà nígbàkígbà tí àwọn bá kọjá. Bí òǹkọ̀wé, mo lè sọ pé ìlú tí wọ́n kọ́ sínú rẹ̀ jẹ́ ìyanu. Bí ẹni tí ẹ bi léèrè nípa ọmọ ọdún 7 tí yóò jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rárá ni mo wí. Red Dead Redemption 2 (2018) jinlẹ̀ jù ú lọ, ìtàn ọkùnrin kan tí ayé rẹ̀ ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì kà á kún ọ̀kan nínú ìtàn tó dára jù tí gáàmù tíì sọ. Ṣùgbọ́n 18 náà ni, síìdì méjì ló ní, ọ̀kan fún fífi sínú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ṣíṣe, ó sì máa ń gba ibi tó ju gigabyte 100 lọ. Lórí PS4 tí háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ gigabyte 500, àyè tó ṣeé lò gan-an kò pé 500, òun nìkan á sì gba ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ra síìdì kan láìsí èkejì ti ra ẹrù tí kò wúlò.

God of War ti ọdún 2018 ni mo rò pé ẹ óò bá ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ lé lórí jù. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ló ń gbé eérú ìyá ọmọ náà lọ sórí òkè tó ga jù, bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Síìdì nìkan tó fún un, kò bèèrè nẹ́tíwọ́kì, bí kò bá sì sí ìjà lọ́wọ́, ọmọ lè fi eré rẹ̀ pamọ́ nígbà tó bá fẹ́. Ní ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sí èyí tó dára jù ú nínú mẹ́rin yìí. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, orí ń já, 18 ló wà lára rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì ni yóò máa ṣe é tí àwọn méjì á máa wòran. Kó dúró dè é. Mortal Kombat 11 ni mo kọ̀ pátápátá, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìdí: wọ́n mú apá kan tó dùn nínú rẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń wá ìṣúra, wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fẹ́ gáàmù ìjà tí ènìyàn méjì ń dojú kọ ara wọn, Tekken 7 (2017) dára jù fún ilé tí kò ní nẹ́tíwọ́kì. 16 ni, nítorí náà kò tíì tó àsìkò fún wọn.

Ó wá kan bọ́ọ̀lù, ibi tí owó ti máa ń ṣòfò jù ní agbègbè wa. FC 25 ni orúkọ tuntun ohun tí gbogbo wa ń pè ní FIFA. Lẹ́yìn FIFA 23 ni ilé-iṣẹ́ EA àti àjọ FIFA pínyà, orúkọ sì yí padà ní ọdún 2023. Àwọn ọmọ rò pé èyí tó tuntun jù ló dára jù. Lórí PS4, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀dà ọdún kan sí èkejì kéré púpọ̀, nítorí pé orí PS5 ni wọ́n ń kó iṣẹ́ tuntun sí. Ohun tí ẹ ń san owó fún jù ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n wà lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àtúnṣe tó ń gbé wọn láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Láìsí nẹ́tíwọ́kì, FC 25 yóò dúró sójú kan bí ó ṣe wà lórí síìdì. Ìdíje láàárín ọmọ méjì àti iṣẹ́ kóòṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́kì. Ultimate Team, níbi tí wọ́n ti ń fi owó gidi ra àpò tí wọn kò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ láìsí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, EA ní láti ṣíwọ́ títa owó gáàmù náà ní ọdún 2019 nítorí òfin tẹ́tẹ́. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báǹkì yín sórí PS4 náà láéláé.

Ní tèmi, PES 2020 tàbí PES 2021, gáàmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ Konami, ló bá ilé yín mu jù. Ọjà àtijọ́ ni, nítorí náà owó rẹ̀ sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ti FC tuntun, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lọ́ra díẹ̀, ó fún ọmọdé láyè láti ronú kó tó gbá a. Àléébù rẹ̀ ni pé Konami kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ kan. Manchester City ń jẹ́ Manchester B, ìyẹn sì máa ń bí àwọn ọmọ nínú. Ṣùgbọ́n ìwòsàn rẹ̀ wà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì nílé yín rárá. Àwọn olólùfẹ́ gáàmù náà máa ń ṣe fáìlì tí wọ́n ń pè ní option file, tí orúkọ, aṣọ àti àmì ẹgbẹ́ tòótọ́ wà nínú rẹ̀. Kí àbúrò yín wà á jáde l'Ábújá, kó rí i pé ti PS4 ni, kó sì jẹ́ ti ọdún gáàmù náà gan-an, nítorí ti 2020 kò bá 2021 mu. Kó fọ́ọ̀mátì fíláàṣì sí FAT32 tàbí exFAT, kó ṣẹ̀dá fódà kan tó ń jẹ́ WEPES, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, kó kó fáìlì sínú rẹ̀ tààrà, kì í ṣe sínú fódà míràn nínú rẹ̀. Nínú gáàmù, wọ́n á lọ sí Edit, lẹ́yìn náà Import/Export, wọ́n á sì mú àwọn ẹgbẹ́ wọlé. Bí kò bá rí fáìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ fódà ló ṣì kọ. Èyí tí kò yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni eFootball, tó rọ́pò PES ní ọdún 2021: ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ó sì jáde lọ́dún yẹn ní ipò tó burú débi pé Konami fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Crash Team Racing Nitro-Fueled (2019) ni mo máa kọ́kọ́ rà bí ó bá jẹ́ pé síìdì kan ṣoṣo ni owó tó. Ìdíje ọkọ̀ kéékèèké ni, wọ́n ń ju bọ́ǹbù ẹ̀fẹ̀ lura wọn, ojú tẹlifíṣọ̀n lè pín sí mẹ́rin, ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà bí páàdì bá tó. Nọ́ńbà 7 ni. Síìdì ló ń ṣiṣẹ́, eré kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà bí iná bá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ṣòfò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ kí pápá tó ṣí, ó sì le ju bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí lọ. Ọmọ ọdún 7 á máa pàdánù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ́ ọ ní ohun kan: bí ó bá tẹ R1 tó fi fò, kó má fi í sílẹ̀, kó yí, kó sì tẹ L1 nígbà tí èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ bá dúdú. Ìgbà mẹ́ta ló lè ṣe é lórí kọ́nà kan. Ibẹ̀ ni gbogbo eré náà wà.

Minecraft, nọ́ńbà 7 náà ni. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń gbin ọkà, bí wọ́n bá sì yan Peaceful, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ọmọ méjì lè jọ wà nínú ayé kan lójú tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ kàn ní láti ṣí orúkọ mìíràn sílẹ̀ lórí PS4 fún ọmọ kejì, íntánẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan fún ìyẹn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kéré jù, ìwé inú rẹ̀ kì í ṣeé kà dáadáa nígbà tí ojú bá pín. Ó ń fi ara rẹ̀ pamọ́ lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ gan-an lásìkò tó ń pamọ́, ayé tí wọ́n ti kọ́ láti oṣù mẹ́ta lè bàjẹ́. Mo máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Èyí tí kò sí nínú ìwé ọmọ yín tí mo fẹ́ fi kún un ni It Takes Two (2021). Ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ jọ ṣe é, kò gba ẹnì kan. Tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ló di ọmọláńgídí, ọmọbìnrin wọn sì ni ìdí. Olúkúlùkù ní irinṣẹ́ tí èkejì kò ní, kò sí ibi tí ọ̀kan lè dá kọjá. Òun ló gba ipò gáàmù tó dára jù lọ́dún náà níbi àmì-ẹ̀yẹ The Game Awards. Nọ́ńbà 12 ni. Ẹ̀gbọ́n ọdún 14 àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo ní lọ́kàn. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe ọmọláńgídí erin kan léṣe, tó máa ń dun ọmọ kékeré; ẹ jẹ́ kí èyí ọdún 7 sùn kó tó kan ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ bá wà nínú ilé yín tàbí ti ẹbí tó sún mọ́ yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n rí i. Èmi kò lè fi ojú gáàmù yẹ ìyẹn wò.

Nítorí náà Crash Team Racing, Minecraft, PES 2021 àti It Takes Two. Mẹ́rin nìyẹn. Owó karùn-ún, ẹ má fi ra síìdì, ẹ fi ra páàdì kejì. PS4 tòkúnbọ̀ sábà máa ń wá pẹ̀lú ọ̀kan, mẹ́ta nínú gáàmù mẹ́rin yìí ò sì ní dùn dé ìdajì pẹ̀lú ọ̀kan, ìkẹrin ò tilẹ̀ ní ṣí. Bí àbúrò yín bá tún lè nawọ́ sí i, Marvel's Spider-Man ti ọdún 2018 ni kó rà fún èyí àgbà, kó lè ní ohun tirẹ̀. Yúróòpù fi 16 sí i, Amẹ́ríkà fi T sí i, ìyẹn ọdún 13 sókè; ìjà wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yin lẹ óò pinnu láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ku iná. Ẹ̀rọ iná tó wà nínú PS4 lè gba volt 100 sí 240, nítorí náà iná tó rẹlẹ̀ kọ́ ló ń pa á. Iná tó padà dé lójijì, tó sì ga jù, ló ń ba ìdí iná rẹ̀ jẹ́. Bí iná bá lọ, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri kó tó padà dé. Bí ààrá bá ń sán, kí wọ́n yọ okùn eriali tẹlifíṣọ̀n náà, nítorí iná ààrá máa ń gba ibẹ̀ wọ inú tẹlifíṣọ̀n, á sì gba okùn HDMI tó so wọ́n pọ̀ dé ara PS4. PS4 Slim àti tẹlifíṣọ̀n LED 32 inch máa ń jẹ nǹkan bíi watt 130 pọ̀. Bí bátìrì ìnfátà yín bá jẹ́ 100Ah, volt 12, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn watt-wákàtí 600. Ìnfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ óò rí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tí kò pé. PS4 àkọ́kọ́ tó sanra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìlọ́po méjì Slim, nítorí náà nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ṣe pàtàkì: CUH-2 ló bẹ̀rẹ̀ ti Slim, CUH-1 ni ti àkọ́kọ́, CUH-7 ni ti Pro. Slim ni kó rà.

Kí àwọn ọmọ má ṣe fi í sí Rest Mode, ìyẹn ipò oorun, níbi tó ti máa ń tàn ní àwọ̀ ọsàn; bí iná bá lọ nígbà yẹn, ẹ̀rọ kà á sí pé wọ́n já a ni, kí wọ́n pa á pátápátá. Bí ó bá kọ̀ láti dìde dáadáa lẹ́yìn tí iná já a, kí wọ́n di bọ́tìnnì rẹ̀ mú títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì, bí ìṣẹ́jú àáyá méje, kí wọ́n fi okùn so páàdì mọ́ ọn, kí wọ́n sì yan ìkarùn-ún, Rebuild Database. Ìyẹn kì í pa gáàmù tàbí eré tí wọ́n pamọ́ rẹ́. Ìkẹfà àti ìkeje ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Lóṣooṣù, kí èyí àgbà lọ sí Settings, Application Saved Data Management, kó da eré wọn kọ sórí fíláàṣì. Bí ayé Minecraft bá wá bàjẹ́, oṣù kan ló ṣòfò. Ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹ̀rọ má wà nílẹ̀, eruku pupa tiwa máa ń dí fáànù rẹ̀, ó sì máa ń kígbe bíi jẹnẹrétọ̀ kó tó pa ara rẹ̀.

Kí àbúrò yín tó sanwó, kó fi síìdì kan sínú rẹ̀, kó ṣe é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú ẹni tó ń tà á, kó yọ síìdì náà kó tún fi sí i. Kó fi ọwọ́ mi okùn HDMI díẹ̀. Bí àwòrán bá já, ojú ihò náà ti tú. Kó fi páàdì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án nínú gáàmù: bí ẹni inú rẹ̀ bá ń rìn fúnra rẹ̀, ohun tó ń mọ ìdarí ọ̀pá náà ti jẹ, kó gba òmíràn. Bí ẹni tó ń tà bá fi gáàmù ogójì tó wà nínú ẹ̀rọ láìsí síìdì hàn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tú ààbò rẹ̀ (jailbreak), kí àwọn gáàmù náà sì jẹ́ ayédèrú, update kan ṣoṣo sì lè sọ wọ́n di òfìfo. Síìdì tó ní ìlà funfun lókè páálí ti PS5 ni, PS4 kò ní kà á. Àwọ̀ aró ni ti PS4. Kó wo àárín síìdì, níbi ihò, bóyá ó ti sán. Kó fi gáàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ̀rọ náà l'Ábújá níbẹ̀, kó gba update Crash àti Minecraft lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, nítorí ohun tó máa gba òun ní wákàtí kan lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kó yọ síìdì kúrò nínú ẹ̀rọ kó tó fún awakọ̀. Láti Lọ́kọ́jà dé Kábbà, ẹ mọ bí kòtò ṣe pọ̀ tó, síìdì tó wà nínú ẹ̀rọ lójú ọ̀nà yẹn máa ń ha ara rẹ̀ mọ́ra.